Àká tí Ràmọ́tà Mọ bí Ọ̀gán

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́ bà jẹ́. Ràmọ́tà kì í ṣe ọmọ abúlé wa. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, láti agbo ilé kan lẹ́yìn ọjà Akẹ́sán. Ilé rírẹ́ ni iṣẹ́ ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀. Kí símẹ́ǹtì tó gba gbogbo ayé, àwọn obìnrin ilé wọn ni wọ́n máa ń pè bí àwọn ọkùnrin bá ti mọ ògiri tán. Wọn á po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀ pupa, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ títí ògiri á fi máa dán. Kòkòrò kò ní rí ihò wọ̀, afẹ́fẹ́ pàápàá kò ní rí ọ̀nà. Ràmọ́tà a máa sọ fún mi pé ògiri tí òun bá ti rẹ́, òjò á kí i, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọdún kan náà ni wọ́n gbé èmi àti ẹ̀ wọlé ọkọ ní Ẹlẹ́mìí, abúlé kan tí kò jìnnà sí títì tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Nítorí náà kò sí ẹ̀gbọ́n láàrin wa, kò sì sí àbúrò. Ó ń pè mí ní Ìbùkún, èmi náà ń pè é ní Ìyá Marufat. Bí inú bá ń bí mi, mo ń pè é ní Ọmọ Ọ̀yọ́, inú sì tètè máa ń bí mi. Gààrí ni mò ń yan. Mùílì, ọkọ tirẹ̀, iṣu ló ń gbìn.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Mùílì, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀làjú bí ewúrẹ́ ṣe fẹ́ràn èèpo iṣu. Lọ́dún tí wọ́n rí iṣu tà dáadáa, ó kó búlọ́ọ̀kù àti páànù wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó kọ́ àká ìgbàlódé sáàrin oko. Gbogbo wa lọ wò ó. Ó ń tàn yanran nínú oòrùn, inú Mùílì sì ń dùn bí ẹni pé mọ́ṣáláṣí ló kọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, páànù yẹn di iná. Àfi bí ẹni pé a gbé iṣu kaná ni. Èbù tí wọn ì bá gbìn jẹrà, wọ́n sì lọ tọrọ èbù kiri. Ọdún tó tẹ̀lé e, bákan náà ló rí. Mo sọ fún un pé kí ó ká páànù yẹn dànù, ó ní obìnrin kò mọ nǹkan ìgbàlódé. Kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé, inú rírun kan mú un, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú. Ẹ̀yìn ilé la sin ín sí. Ọdún 1987 ni, ọdún tí gbogbo èèyàn ń ké "Sáàpù! Sáàpù!", ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, tí símẹ́ǹtì di ohun tí à ń fi ojú rí tí a kò lè rà.

Ràmọ́tà ṣe opó rẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì dé. Jàmíù ni orúkọ rẹ̀, Bàbá Hafeez ni Ràmọ́tà ń pè é, ó ń ta pákó ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ ìdílé wọn wà. Kò bá Ràmọ́tà sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n pe Bàbá Ṣàngótúndé, àgbà abúlé wa, gbogbo wa sì pé jọ síwájú ilé.

"Ìyàwó, o kú ìrọ́jú," Jàmíù ló sọ bẹ́ẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń lé ọ o. Ṣùgbọ́n oko tó ń jẹ èbù lọ́dọọdún, kí la fẹ́ fi ṣe? Kajú ló ń lọ lóde báyìí. Mo fẹ́ gbin kajú síbẹ̀. Ìwọ máa lọ bá Marufat ọmọ rẹ ní Ọ̀yọ́, kí o máa bá a gbọ́mọ."

Ràmọ́tà kúnlẹ̀. "Bàbá Hafeez, ẹ ṣeun. Iṣu tí àbúrò yín gbìn kó tó lọ ṣì wà nínú ebè. Ẹ jẹ́ kí n wà á, kí n tọ́jú rẹ̀ kọjá ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Bí òjò bá dé tí èbù ò bá kún oko, èmi fúnra mi ni màá di ẹrù mi."

Jàmíù wo Bàbá Ṣàngótúndé, ìyẹn sì mi orí pé òun gbà. "Ó dáa," Jàmíù ní. "Ojú gbogbo yín ló ṣe. Bí èbù bá kún oko, n ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ náà. Bí kò bá kún, kajú ni." Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá ní kí n búra, ǹ bá búra pé ìkà ni.

Bí wọ́n ṣe tú ká, mo kọjú sí Ràmọ́tà. "Ọmọ Ọ̀yọ́, ṣé orí rẹ pé ṣá? Ìwọ tí o ò ní àká gidi kan, kí lo fi ń ṣèlérí?"

"Níbo lo fẹ́ kí n lọ?" ó bi mí. "Òótọ́ ni, Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá délé báyìí, wọ́n ń gbé àga fún mi bí àlejò. Ibí ni wọn kì í gbé àga fún mi, Ìbùkún. Ibí ni mo ti ń jókòó fúnra mi." Ó sunkún, èmi náà sunkún, mo sì padà sídìí gààrí mi tó ti ń jóná.

Ọ̀gán pọ̀ ní Ẹlẹ́mìí ju èèyàn lọ. Pupa ni wọ́n, wọ́n ga, wọ́n sì ṣóńṣó lókè. Òmíràn láàyè, ikán kún inú rẹ̀. Òmíràn sì ti kú tipẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn ń ta bí ata, Ràmọ́tà lọ bu amọ̀ lára ọ̀gán kan tó ti kú, ó fẹ́ fi lẹ ara ààrò rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń pariwo orúkọ mi. Mo sáré débẹ̀, mo bá a tó ti ki apá rẹ̀ bọ inú ọ̀gán dé èjìká.

"Ìbùkún, ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Kí ejò lè bù mí jẹ? Mi ò ki ọwọ́ kankan bọ̀ ọ́."

Ó fa ọwọ́ mi, ó tì í bọnú ihò. Ibẹ̀ tutù bí ìdí àmù. Oòrùn ń jó mi lórí, ọwọ́ mi sì wà nínú òtútù. Ràmọ́tà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ọ̀gán yẹn láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

"Ikán ò ní páànù," ó wí.

"Wọn ò sì ní ẹ̀gbọ́n ọkọ," mo dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti sin Mùílì, inú mi sì dùn sí ẹnu mi tí kì í dákẹ́.

Ó fọ́ ọ̀gán náà láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì rí bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ihò ńlá kan ti ìsàlẹ̀ gòkè, ihò wẹ́wẹ́ sì kún gbogbo ara rẹ̀, lọ sókè, lọ sódò. Ó ní afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba òkè jáde ni, tútù sì ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ta ló sọ fún un? Ojú rẹ̀ ni. Ó ní òun máa mọ àká bẹ́ẹ̀, òun á sì mọ ọ́n sẹ́bàá igi irú tó wà létí oko, kí òjìji rẹ̀ lè bò ó.

Ó bẹ ọ̀wẹ̀. Mo ro ẹ̀bà fún àwọn ọlọ́wẹ̀, òun sì se ọbẹ̀ ilá. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ilẹ̀ jìn dé orúnkún, wọ́n gún amọ̀, wọ́n sì ń mọ ọ́n ní ìpele ní ìpele, ó ń fún bó ṣe ń ga. Bí wọ́n bá ti mọ ìpele kan, Ràmọ́tà á fi ọwá ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ gún ògiri náà já. Bí amọ̀ bá ti fẹ́ gbẹ, á fà wọ́n yọ, ihò wẹ́wẹ́ á sì kù níbẹ̀. Ó fi ojú ihò ńlá kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ti ń wá, ó fi òmíràn sókè, ó sì fi koríko bẹẹrẹ dé e. Ní ti bẹẹrẹ, ẹ má bá ọmọ Ọ̀yọ́ jiyàn. Ìlú tí wọ́n ti ń fi koríko yẹn ṣọdún ni wọ́n bí i sí.

"Ìyàwó wa," Bàbá Ṣàngótúndé ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, amọ̀ ti dé e lọ́rùn, "bí òjò bá dé, ṣé esunsun la máa wá kó níbí ni?"

"Bàbá, bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi dín in," Ràmọ́tà dáhùn. Gbogbo ọlọ́wẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ó na pẹpẹ ọparun sínú rẹ̀, ó da eérú sílẹ̀ nítorí ikán, a sì bá a kó iṣu wọlé nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ti bá a kọ ebè oko náà sílẹ̀ ní àáró, ebè ń dúró de èbù. Láàárọ̀, bí ẹ bá kiwọ́ bọ inú àká yẹn, ẹ ó fà á yọ kíákíá nítorí òtútù. Ká ní ó dá ọwọ́ dúró níbẹ̀ ni, ǹ bá má ní ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Ṣùgbọ́n àká yẹn kò dùn wò. Kí n sọ òótọ́. Ó rí ṣákaṣàka, ihò kún ara rẹ̀ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà. Obìnrin kan láti abúlé kejì ń lọ sọ́jà, ó dúró, ó wò ó, ó sì pòṣé.

"Ṣé àká arẹ́lé Ọ̀yọ́ la ní kí á wá wò nìyí?" ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́ ilé ọlọ́lá, ẹ ò rí tiyín rẹ́?"

Bí ẹ bá bú Ràmọ́tà pé kò lówó, á dá yín lóhùn. Bí ẹ bá bú u pé kò lọ́kọ mọ́, á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yìí, ibi tó ń dùn ún ni obìnrin yẹn tẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó lọ sí Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó bẹ àwọn tó ń so màlúù níbẹ̀, wọ́n fún un ní ìgbẹ́ màlúù. Ó ru ú bọ̀ nínú ọkọ̀ akérò. Àwọn èrò fi ọwọ́ dí imú, wọ́n ń bú u títí wọ́n fi já a sílẹ̀.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun kàn fẹ́ tún ara àká náà ṣe ni. Mo ní, "Àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn ńkọ́?" Ó ní ihò ńlá méjì ti tó, àwọn wẹ́wẹ́ yẹn kò já mọ́ nǹkan. Ó rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀. Kò sí bí ọwọ́ yẹn ṣe lè fi ògiri sílẹ̀ láìrẹ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni, ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ni. Ó fi ìka ya ìlà yí i ká bíi ti ilé àwọn ìjòyè. Nígbà tó gbẹ, ó ń dán, ó pupa, ó rẹwà. Láti abúlé mẹ́ta ni wọ́n ti wá wò ó. Èmi náà yìn ín. Ràmọ́tà ń rìn yí i ká nírọ̀lẹ́, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára.

Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ tí ooru gidi dé, mo ń kọjá lọ bu omi ni mo gbóòórùn nǹkan. Mo mọ òórùn iṣu tó ń jẹrà, gbogbo Ẹlẹ́mìí ló mọ̀ ọ́n láti ìgbà páànù Mùílì. Mo pe Ràmọ́tà. Ó ṣílẹ̀kùn àká, ooru sì rọ́ lù wá lójú. Iṣu ń làágùn. Àwọn tó wà láàrin ti rọ̀, omi ń jáde lára wọn.  Ràmọ́tà ń kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ òkú.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́," mo ní.

"Kì í ṣe tirẹ̀ ni mò ń rò," ó dáhùn. "Kí ló dé tí inú ọ̀gán fi tutù tí tèmi ò tutù?"

Ó lọ sídìí ọ̀gán kan tó ti kú lẹ́yìn oko. Ó ṣáná sí koríko tútù nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ó lè rú èéfín. Ọ̀sán gangan ni, àwa méjèèjì dúró, à ń wò. Èéfín kò gba òkè nìkan jáde. Ó ń yọ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ara ọ̀gán náà, láti ìdí dé ṣóńṣó, bí òógùn ṣe ń yọ lára èèyàn. Ó wá bu iná díẹ̀ sí àpáàdì, ó lọ rú èéfín sídìí àká tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni èéfín yẹn yí inú àká po, tí ó sì padà rọ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde sí wa. Ihò òkè nìkan kò gbà á. Lára ògiri, kò sí ibì kankan tó yọ.

Ràmọ́tà gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sójú, ó ń wò wọ́n. "Ọwọ́ yìí náà ni," ó ní. "Ọwọ́ mi ló dí i nímú." Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó mú àdá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ ògiri.

Mo ti rí ikú, mo ti rí ìyàn, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí lọ́jọ́ yẹn ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ tó dára jù lọ tí ọwọ́ rẹ̀ tíì ṣe ló ń họ dànù. Ìlà wọ̀nyẹn ń já bọ́ ní pálapàla. Mo ní kí ó jẹ́ kí n bá a họ ọ́, ó kọ̀. Ó ní òun lòun rẹ́ ẹ. Nígbà tó ku òkè tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó mọ́, ó jẹ́ kí n gun àga. A fi ọwá ọ̀pẹ la gbogbo ihò náà padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó yọ gbogbo iṣu tó jẹrà, ó fi eérú nu èyí tó kù, ó sì tún wọn tò. Láti ọjọ́ kejì ni òórùn náà ti dínkù. Nígbà tó yá, kò sí mọ́.

Jàmíù yà lọ́dọ̀ wa lọ́nà ọjà, ó rí òkìtì iṣu jíjẹrà tí a kò tíì sin tán. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. "Mo ti gbin èso kajú sínú ọ̀rá o," ó ní, "wọ́n ti hù." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Òjò rọ̀, ilẹ̀ rin dáadáa, Jàmíù sì dé nínú píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú àwọn alágbàro rẹ̀. Ọ̀gbìn kajú kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ewé wọn ń mì. Bàbá Ṣàngótúndé jáde, gbogbo abúlé jáde.

"Ìyàwó, òjò ti dé," Jàmíù wí.

"Mo rí i, Bàbá Hafeez. Ẹ kú ọ̀nà."

A bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣu jáde. Wọ́n le, wọ́n gbẹ, ojú èhù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí wọn. Ràmọ́tà ń gé èbù, àwa obìnrin ń gbé e, ẹyọ kan lórí ebè kan, láti ibi tí oko ti bẹ̀rẹ̀.  Àwọn alágbàro fi ara ti ọkọ̀, wọ́n ń wò wá. À ń lọ, à ń lọ. A kọjá àárín oko. A kọjá ìdí àká páànù Mùílì. Nígbà tí a sún mọ́ igun tó kángun sí igi irú, mo yíjú padà láti gba èbù sí i, Ràmọ́tà sì na ọwọ́ òfìfo sí mi. Ó ti tán. Ebè igun yẹn wà níbẹ̀, kò sí nǹkan lórí wọn.

Bàbá Ṣàngótúndé wúkọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ràmọ́tà ṣáájú rẹ̀.

"Kò kún, Bàbá Hafeez," ó wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "N ò ní purọ́ fún yín. Àká náà dára, èmi ni mo bà á jẹ́. Bí mi ò bá fi ẹwà dí i lójú ni, ì bá kún."

Jàmíù tẹ̀, ó mú èbù kan lórí ebè, ó fi èékánná họ ọ́. Omi funfun yọ. Ó gbé e padà síbi tó ti mú un, ó rọra gbé e bí ẹyin. Lẹ́yìn náà ó tẹríba wọnú àká. Ó pẹ́ níbẹ̀. Oòrùn ti mú, òógùn ti bo gbogbo wa. Nígbà tó jáde, òógùn ti gbẹ lójú rẹ̀, ó sì ń fi ìka wá àwọn ihò wẹ́wẹ́ náà lára ògiri tó ti di ṣákaṣàka.

"Mo sọ̀rọ̀ lójú gbogbo yín," ó wí. "Kò kún. Ibi tí èbù dé, n ò ní fọwọ́ kàn án. Igun tó ṣófo, kajú ni." Ó kọjú sí àwọn alágbàro. "Ẹ já a sílẹ̀. Igun yẹn nìkan."

Mo fẹ́ fi ẹnu mi sí i, Bàbá Ṣàngótúndé di apá mi mú. Ràmọ́tà nu ojú rẹ̀. Ó wo igun oko, ó wo oòrùn, ó sì wo àká rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "bó bá jẹ́ pé kajú ni, ẹ má wulẹ̀ gbìn ín káàkiri. Ẹ tò ó sí ìwọ̀ oòrùn àká níbí yìí. Bó bá dàgbà, á bá igi irú ṣíji bò ó, inú rẹ̀ á sì túbọ̀ tutù."

Jàmíù wò ó tìyanutìyanu. "Kajú kì í dàgbà lóòjọ́, ìyàwó. Ta ni yóò máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí á máa lé ewúrẹ́ fún un?"

"Èmi ni kẹ̀," Ràmọ́tà dáhùn. "Ta ló tún ń gbé ibí?"

 Jàmíù gba ọkọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn alágbàro, ó lọ sí ibi tí Ràmọ́tà nàka sí, ó sì gbẹ́ ihò àkọ́kọ́.